Ìpadàbọ̀ Àwọn Ìdílé Oníṣòwò láti Ilẹ̀ Gánà sí Agbègbè Ìlá-Ọ̀ràngún, 1969–1970

1. Ìfáàrà

Ète iṣẹ́ yìí ni láti ṣe àyẹ̀wò ìpadàbọ̀ àwọn ìdílé Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ lẹ́nu òwò ní ilẹ̀ Gánà kí ìjọba ilẹ̀ náà tó lé wọn ní ìparí ọdún 1969. Agbègbè tí àyẹ̀wò náà dá lé ni Ìlá-Ọ̀ràngún àti Ìgbómìnà Ọ̀ṣun, pẹ̀lú àwọn ìlú tí kò jìnnà sí wọn bí Òyán, Ìnísà àti Ọ̀fà. Àwọn ìlú mẹ́ta yìí, àti Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹjìgbò, Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì, wà lára àwọn tí orúkọ wọn máa ń jẹ yọ nínú àkọsílẹ̀ nípa Yorùbá tí ó lọ sí Gánà. Àwọn Ìgbómìnà náà kò gbẹ́yìn nínú ìrìn-àjò yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ìlú ńlá sábà máa ń bo tiwọn mọ́lẹ̀.

Ojú méjì ni àwọn ènìyàn fi ń wo ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Àwọn kan kà á sí àdánù gbáà, nítorí pé ohun tí ìran méjì tàbí mẹ́ta kó jọ fọ́n ká láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn kà á sí ẹ̀rí pé ilé kì í kọ ọmọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lé náà rí ibi wọ̀ sí nígbà tí wọ́n dé. Ìwádìí fi hàn pé òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ìhà kìn-ín-ní àti ìkejì, àti pé gbòǹgbò kan náà ni ó so wọ́n pọ̀. Owó tí àwọn ìdílé wọ̀nyí ń fi ránṣẹ́ sílé láti fi kọ́lé, láti fi tọ́ ọmọ àti láti fi ṣe ẹgbẹ́ ìlú ni ó gbà wọ́n là nígbà ìpadàbọ̀. Owó yìí kan náà sì ni àwọn ọmọ Gánà ń tọ́ka sí nígbà tí wọ́n ń sọ pé àjèjì ń kó ọrọ̀ ilẹ̀ wọn lọ. Bí a bá fẹ́ lóye ìpadàbọ̀ náà, a ní láti bẹ̀rẹ̀ láti ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú òfin tí ó fà á.

2. Ìlá àti ìrìn-àjò

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìlá fúnra rẹ̀ jẹ́ ìtàn ìṣíkiri. Ajagúnńlá Fágbàmílà, tí wọ́n sọ pé ó jẹ́ ọmọ Odùduwà, ni wọ́n kà sí Ọ̀ràngún àkọ́kọ́. Ìlá-Yàrà ni ìlú wà kí aáwọ̀ oyè tó ya àwọn ọmọ ọba méjì nípa. Ọ̀kan kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ lọ tẹ Òkè-Ìlá dó; èkejì kó tirẹ̀ gba ọ̀nà mìíràn, àwọn ni ó sì wá di ará Ìlá-Ọ̀ràngún. Títí di òní, Ọ̀ràngún ń jẹ ní Ìlá, Ọ̀ràngún sì ń jẹ ní Òkè-Ìlá. Ìtàn yìí wúlò fún ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀, nítorí pé ó fi hàn pé ibi tí ènìyàn ń gbé kọ́ ni Ìgbómìnà fi ń mọ ọmọ ìlú. Agbo ilé tí a bí bàbá rẹ̀ sí ni wọ́n ń béèrè, àti oríkì orílẹ̀ tí wọ́n lè fi kì í. Ìlú lè ṣí kúrò láti ibì kan sí ibòmíràn kí agbo ilé máà yẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ kò ṣe pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí yàrá àti sí ilẹ̀ oko baba rẹ̀.

Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ogun ni ó ń lé ènìyàn kúrò nílé. Ìlá dara pọ̀ mọ́ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì nínú Ẹ̀kìtìparapọ̀ láti bá Ìbàdàn jà ní ogun Kírìjì. Ọdún 1886 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀nà là, tí ẹni tí ó ru ẹrù kò tún ní láti bẹ̀rù àkónilẹ́rú. Ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní ọdún 1907, ó sì dé Ọ̀fà ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ìlá kò sí lójú irin, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ibùdókọ̀ méjèèjì. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ dé Èkó lè gba orí omi tàbí orí ilẹ̀ lọ sí ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà.

Ohun kan tí kò yẹ kí a fojú fò ni pé ìjọba òyìnbó pín Ìgbómìnà sí méjì. Ìlá àti àwọn ìlú tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ bọ́ sí ẹkùn Ọ̀yọ́ ní ìhà Gúúsù, nígbà tí Òmù-Àrán, Àjàsẹ́-Ìpo, Ṣáàrẹ́ àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù bọ́ sí ẹkùn Ìlọrin ní ìhà Àríwá. Ààlà yìí ní ipa tí ó kó nínú ọ̀rọ̀ ìpadàbọ̀, gẹ́gẹ́ bí yóò ṣe hàn níwájú.

3. Bí ìdílé ṣe ń fìdí múlẹ̀ ní Gánà

Òwò obì gbànja ti mú kí ilẹ̀ Yorùbá àti ilẹ̀ Àṣáńtì mọ ara wọn tipẹ́. Ṣùgbọ́n kòkó ni ó sọ Gold Coast di ibi tí owó wà ní sẹ́ńtúrì ogún. Láti ọdún 1911 ni kòkó ilẹ̀ náà ti pọ̀ ju ti ilẹ̀ mìíràn lọ lágbàáyé. Wọ́n ń wa wúrà ní Obuasi àti Tarkwa, wọ́n sì ń wa dáyámọ́ńdì ní Akwatia. Níbi tí àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ kùsà bá ti ń gba owó, wọn yóò fẹ́ ra aṣọ, abọ́, iyọ̀ àti àtùpà. Àwọn ni oníbàárà tí Yorùbá ń wá.

Ọ̀nà tí ìdílé fi ń fìdí múlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra níbi gbogbo. Ẹnì kan yóò kọ́kọ́ lọ. Bí òwò bá ti dúró, yóò wá sílé wá mú àbúrò tàbí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá tàbí méjìlá lọ. Ọmọ náà yóò máa fi igbá kiri ọjà, yóò mọ iye owó, yóò gbọ́ Twi ní Kumasi, Gã ní Accra, tàbí Hausa àti Dagbani ní Tamale. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀ tí ó ti fi sìn, ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Òun náà yóò wá ìyàwó wá láti ilé, ìyàwó yóò sì dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé owó ọkọ àti owó aya kì í wà nínú àpò kan láàárín Yorùbá. Wọn yóò máa dá èésú pẹ̀lú àwọn ará ìlú wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà kò kéré. Àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó bí UAC, CFAO àti SCOA ń ta ọjà ní ìdì àti ní àpótí. Àwọn Yorùbá ni ó ń tú ìdì náà, tí wọ́n ń ta ṣúgà ní kóró, tí wọ́n ń ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń gbé aṣọ lọ sí abúlé tí ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kò lè dé. Àwìn ni wọ́n ń tà púpọ̀ nínú ọjà náà, pàápàá fún àgbẹ̀ tí ó ń dúró de ìgbà kòkó. Ìwé tí J. S. Eades tẹ̀ jáde ní ọdún 1993 nípa àwọn Yorùbá ìhà àríwá Gánà ṣe àlàyé ètò òwò yìí lẹ́kùn-ún-rẹ́rẹ́.

Nígbà tí Gánà ka ènìyàn ní ọdún 1960, Yorùbá tó nǹkan bí 100,000 níbẹ̀. Alata ni wọ́n ń pè wọ́n ní ìhà gúúsù, ọṣẹ dúdú sì ń jẹ́ alata samina níbẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí, wọ́n sì dá ìjọ sílẹ̀. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú ìjọ Onítẹ̀bọmi ilẹ̀ Gánà lélẹ̀, nígbà tí wọ́n sì lọ ní 1969, ọ̀pọ̀ ilé ìjọsìn ni ó ṣófo. Àwọn tí ó gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ró kì í ṣe ẹni tí ó kàn yà sí ọjà fún ọjọ́ díẹ̀.

4. Ilé ní ìlú, òwò ní ìdálẹ̀

Síbẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ni ó gbà pé Gánà ni ilé. Ohun mẹ́ta ni ìdílé fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ìlú.

Èkínní ni ilé kíkọ́. Oníṣòwò yóò máa fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò tàbí àgbà agbo ilé, wọn yóò sì máa kọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bí owó bá ṣe ń dé. Ilé náà lè gba ọdún mẹ́wàá kí ó tó parí, ó sì lè wà ní òfo fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí ó bá parí. Ẹni tí ó ń fi ojú ọlọ́jà wò ó yóò rí i bí owó tí ó kú, nítorí pé kò mú èrè kankan wọlé. Ní ojú agbo ilé, òun ni ẹ̀rí pé ẹni tí ó lọ kò sọnù.

Èkejì ni ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìdílé máa ń fi ọmọ kan tàbí méjì ránṣẹ́ sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kí wọ́n lè gbọ́ èdè kí wọ́n sì mọ ará ilé. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìdí mìíràn tún dé tí ọmọ fi lè wá gbé ní Ìlá. Níhìn-ín ni ààlà tí a mẹ́nu bà ti hàn, nítorí pé irú ètò bẹ́ẹ̀ kò sí ní ìhà Àríwá nígbà náà. Ọmọ Ìgbómìnà kan lè kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ ní Ìlá nígbà tí ìbátan rẹ̀ ní Òmù-Àrán ń san owó ilé-ìwé.

Ẹ̀kẹta ni ẹgbẹ́ ìlú àti ọdún ìbílẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú kan náà máa ń ṣe ìpàdé ní ìdálẹ̀, wọn a dá owó fún ilé-ìwé, ọjà tàbí ọ̀nà. Ọdún Ìsìnrò ní Ìlá, àti Iléyá àti Kérésìmesì, jẹ́ àkókò tí ẹni tí ó ti ìdálẹ̀ dé máa ń fi ojú hàn. Ẹni tí kò bá wá fún ọdún púpọ̀ kò ní pàdánù agbo ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tí ó mọ ojú rẹ̀ yóò máa dín kù.

5. Òfin ọdún 1969

Ohun tí ó jẹ́ ìlera fún ìdílé yìí ni ó di ẹ̀sùn ní Gánà. Kí Gánà tó gba òmìnira ní ọdún 1957, abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kan náà ni òun àti Nàìjíríà wà, kò sì sí ẹni tí ó ń béèrè ìwé lọ́wọ́ ọlọ́jà. Ní ọdún òmìnira náà gan-an ni wọ́n ṣe òfin tí ó fún ìjọba ní agbára láti lé ènìyàn jáde, wọ́n sì fi lé àwọn aṣáájú Mùsùlùmí méjì láti Kumasi lọ sí Kano. Òfin ọmọ-ìlú kò sì gba bíbí sí Gánà nìkan gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ó ń béèrè ibi tí a bí òbí tàbí òbí àgbà sí pẹ̀lú.

Nígbà tí àwọn ológun lé Nkrumah kúrò ní oṣù Èrèlé 1966, owó kòkó ti já wálẹ̀ lọ́jà àgbáyé, gbèsè wà lọ́rùn ìjọba, iṣẹ́ sì wọ́n. K. A. Busia di olórí ìjọba ní ọdún 1969. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún náà, ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú lọ gbà á láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá, tàbí kí ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Ọ̀pẹ ni gbèdéke náà. Ní ọdún 1970, òfin mìíràn ya òwò kéékèèké sọ́tọ̀ fún ọmọ onílẹ̀, èyí tí ó fi hàn pé ìso ọjà ni ìjọba fẹ́ gbà lọ́wọ́ àjèjì.

Ẹ̀sùn pé àwọn Yorùbá ń kó owó lọ sí ilé wọn kì í ṣe irọ́. Wọ́n ń kó o lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a béèrè ìdí rẹ̀. Ẹni tí òfin kò jẹ́ kí ó di ọmọ ìlú, tí ó sì ti rí i tí wọ́n lé ẹlòmíràn, kò ní fi gbogbo ohun ìní rẹ̀ sí ibi tí wọ́n lè lé òun náà kúrò. Bí ó ti ń fi owó ránṣẹ́ sílé tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kà á sí àjèjì tó. Bí wọ́n ti ń kà á sí àjèjì tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fi owó ránṣẹ́ sílé tó. Ìyípo yìí ni òfin 1969 já, kò sì já a láìpa ẹnikẹ́ni lára.

6. Dídé sílé

Ọ̀sẹ̀ méjì kò tó láti gba gbèsè àwìn ní abúlé. Àdánù tí ó tóbi jù fún ọ̀pọ̀ ìdílé wà níbẹ̀, kì í ṣe nínú ọjà tí ó wà ní ìsọ̀. Ọjà tí ó kù di títà ní iye tí olùrà bá fẹ́. Àwọn tí ó ní ilé ní Gánà fi í sọ́wọ́ ọ̀rẹ́ tàbí ayálégbé. Àwọn obìnrin ni ó jìyà jù nínú èyí, nítorí pé owó tí wọ́n fi ń ṣòwò wà lọ́wọ́ oníbàárà, nígbà tí ilé tí wọ́n ń kọ́ ní ìlú sábà máa ń jẹ́ ti ọkọ. Nígbà tí wọ́n dé, ọkọ ní òrùlé tí ó lè tọ́ka sí. Aya padà sí òwò láìní owó òwò.

Ọkọ̀ akẹ́rù gba Aflao, Lomé àti Kútọnu kọjá wọ Nàìjíríà. Ilẹ̀ tí wọ́n bọ́ sí kò fararọ. Ogun abẹ́lé kò ì parí; oṣù Ṣẹẹrẹ 1970 ni ó tó parí. Ní Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn tí Ìlá wà nínú rẹ̀, ìjà Agbẹ́kọ̀yà lórí owó orí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọlẹ̀ ni. Àwọn Ìgbómìnà ìhà kejì padà sí Ìpínlẹ̀ Kwara. Ará ilé kan náà tí wọ́n jọ kúrò ní Kumasi wá di ẹni tí ìjọba ìpínlẹ̀ méjì ń ṣàkóso.

Agbo ilé gbà wọ́n, ṣùgbọ́n ìgbàlejò náà kò rí bákan náà fún gbogbo wọn. Ẹni tí ó ti kọ́ ilé wọ inú ilé rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ ọ gba yàrá nínú ilé baba rẹ̀, nígbà mìíràn òun, ìyàwó méjì àti ọmọ púpọ̀ nínú yàrá kan. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí yàrá náà kò ní àríyànjiyàn. Ohun tí ó ní àríyànjiyàn ni bí ọmọ tí kò rí agbo ilé rí yóò ṣe mọ ẹni tí ó yẹ kí òun dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sílé ṣáájú ni ó di ògbufọ̀ fún àbúrò wọn. Ìyàwó tí ó jẹ́ ọmọ Gánà ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ le jù, nítorí pé òun nìkan ni ó ti ilé rẹ̀ wá sí ìdálẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ wá sílé.

Òwe Yorùbá sọ pé ẹni tí ó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí jẹ́rìí sí òwe náà, ó sì fi kún un. Ilé lè fún ènìyàn ní ibùsùn kí ó máà lè fún un ní oúnjẹ òòjọ́. Ọjà ìlú kékeré kò lè gba gbogbo oníṣòwò tí ó dé lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ oko kò sì rọrùn fún ẹni tí ó ti fi ogún ọdún ta aṣọ. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wọn fi tún dìde láìpẹ́ lọ sí Èkó, Ìbàdàn àti Òkè Ọya. Ìmọ̀ òwò ni ohun kan ṣoṣo tí aṣọ́bodè kò lè gbà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì pọ̀ sí i ní Nàìjíríà láti ìparí ọdún 1973, àwọn tí ó ti fìdí múlẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá náà jẹ nínú àǹfààní rẹ̀.

7. Ìgúnlẹ̀

Àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e kò jẹ́ kí a lè ka ọ̀rọ̀ yìí sí ti Gánà nìkan. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ECOWAS sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí lílọ bíbọ̀ ọmọ ìlú láìsí ìdíwọ́ ní ọdún 1979. Síbẹ̀, ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1983, ìjọba Nàìjíríà fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti jáde. Àwọn ọmọ Gánà ni ó pọ̀ jù nínú wọn, àpò ńlá tí wọ́n fi kó ẹrù sì ń jẹ́ Ghana Must Go di òní. Iye ọjọ́ tí wọ́n fún wọn kò ju èyí tí Busia fún Yorùbá lọ. Lẹ́yìn tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ 2002, àwọn ọmọ Ẹjìgbò kan padà sílé láti Abidjan, àwọn náà pẹ̀lú ọmọ tí ó ń sọ Faransé.

Kókó mẹ́ta ni ó yẹ kí a mú jáde nínú àyẹ̀wò yìí. Èkínní, ìpadàbọ̀ 1969 kò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tí òfin jáde. Ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá nílé jẹ́ àbọ̀ ohun tí ó ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èkejì, ètò agbo ilé Ìgbómìnà, tí kò fi ibi tí a bí ènìyàn sí ṣe òdiwọ̀n, ṣe ohun tí òfin orílẹ̀-èdè kò lè ṣe: ó gba ọmọ tí a bí sí ìdálẹ̀ láìbéèrè ìwé. Ṣùgbọ́n ipasẹ̀ baba ni ó fi gbà á, èyí ni ó sì mú kí ìpín àwọn obìnrin yàtọ̀. Ẹ̀kẹta, ilé tí a kọ́ sí ìlú jẹ́ ààbò àti ẹ̀rí ìfẹ̀sùnkàn lẹ́ẹ̀kan náà. Òpìtàn tí ó bá wo ilé náà láti Ìlá nìkan yóò rí ọgbọ́n àwọn àgbà. Èyí tí ó bá wò ó láti Kumasi nìkan yóò rí owó tí ó bọ́ mọ́ ọ̀dọ̀ onílẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn ìdílé tí ó kọ́ ọ wà ní ìlú méjèèjì, ó sì yẹ kí ìtàn wọn náà wà níbẹ̀.